Ọmọ Tí Wọ́n Fi Ísáàlì Wẹ̀

Ní ọdún tí ọkọ̀ òkun tó ru sìmẹ́ǹtì kún ojú omi Èkó, tí ẹni tó bá dúró létí òkun á kà wọ́n títí tí yóò fi sú u, ilé ìwòsàn kékeré kan wà lẹ́yìn Creek Road ní Àpápá. Àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ló máa ń sáré gbé ọmọ wọn wá síbẹ̀. Ilé náà kò ga. Eruku sìmẹ́ǹtì tí afẹ́fẹ́ ń gbé láti wọ́ọ̀fù ti sọ páànù orí rẹ̀ di funfun bí irun arúgbó. Bí o bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú rẹ̀ láàárọ̀, wàá gbọ́ fèrè ọkọ̀ òkun, wàá gbóòórùn epo àti ìyẹ̀fun tí wọ́n ń lọ̀ lọ́wọ́, wàá sì gbọ́ ohùn Folúkẹ́.

Folúkẹ́ ni Sísítà tó ń ṣàkóso Kásúátì, yàrá tí wọ́n ti ń gba ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò lè dúró de ọ̀la. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Fìlà nọ́ọ̀sì rẹ̀ kì í yẹ̀ lórí, ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọ iṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò ní ìjánu. Ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n jákèjádò Ajégúnlẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tí gìrì mú dé, kó tó ṣe ohunkóhun, yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò gbé imú sún mọ́ ẹnu ọmọ náà, yóò fà á símú. Àgbo gìrì ló ń wá: ìtọ̀ màlúù tí wọ́n rẹ ewé tábà, aáyù, ẹfinrin àti àlùbọ́sà sí nínú ìgò títí tó fi kan. Àwọn ìyá ìgbà náà gbà pé gìrì kì í gbọ́ pẹ̀lẹ́, àfi kí nǹkan líle lé e jáde. Folúkẹ́ sì ti rí ohun tí nǹkan líle náà ń ṣe. Ó ń fa ṣúgà gbẹ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ó ń pa èémí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ọmọ yóò fi dùbúlẹ̀ bí igi tí omi gbé wá sétí òkun.

Imú Ìjọba ni àwọn obìnrin ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀, kò sì bínú sí i.

Lọ́dún tó ṣáájú, obìnrin Urhobo kan tó ń jẹ́ Ejiro gbé ọmọ wá, òórùn àgbo sì gba gbogbo yàrá kan. Ọmọ náà kú kí wọ́n tó gbé e dórí bẹ́ẹ̀dì. Folúkẹ́ fa Ejiro lọ́wọ́ jáde síwájú gbogbo èrò orí bẹ́ǹṣì. "Ẹ wá wo ojú ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọ rẹ̀! Ìtọ̀ màlúù! Ṣé màlúù ló gbé ọ pọ̀n ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ṣáájú Ejiro délé. Kí oṣù tó pé, ọkọ rẹ̀ ti di ẹrù rẹ̀ fún un, ó ní kó máa lọ sí Sapele. Folúkẹ́ gbọ́, ó sì dùn ún díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò tún sí ọmọ kan tí wọ́n gbé wá tí òórùn àgbo wà lẹ́nu rẹ̀. Gìrì ṣì ń pa wọ́n o, àwọn kan tilẹ̀ ń kú lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti gún wọn lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ibà ni wọ́n ń kà á sí. Folúkẹ́ a máa sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké pé, "Ẹnìkan ṣoṣo ni mo nà, gbogbo Ajégúnlẹ̀ ló gbọ́n."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ń fẹ́, ẹrù sìmẹ́ǹtì já lu alábàárù wọ́ọ̀fù kan lẹ́sẹ̀. Dókítà Azubuike, dókítà kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu iṣẹ́, wọlé sí yàrá iṣẹ́-abẹ pẹ̀lú ọkùnrin náà, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kásúátì ku Folúkẹ́ àti Pà Dickson, àgbàlagbà ọkùnrin ará Ìjọ̀ tó ń bá wọn gbé aláìsàn, tó sì ti wà níbẹ̀ kí Folúkẹ́ tó kọ́ṣẹ́.

Ìgbà náà ni igbe ta lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ gbà mí o! Sísítà, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́!"

Sàfúrátù ló ń sáré bọ̀, Sàídù ọmọ rẹ̀ wà láyà rẹ̀, orí ọmọ náà ń mì lẹ̀jẹ̀lẹ̀jẹ̀. Akpevwe, tí yàrá tiẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, ń tẹ̀ lé e, ó gbé bàtà Sàfúrátù lọ́wọ́ ọ̀tún, ó di ìró ara rẹ̀ mú ní tòsì. Lẹ́yìn wọn ni Yínúsà, ọkọ Sàfúrátù, tí ẹnìkan ti sáré lọ pè ní wọ́ọ̀fù. Sìmẹ́ǹtì ṣì wà nínú ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Gbé e síbí," ni Folúkẹ́ wí. "Má ké mọ́ mi létí. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ìdájí ni, Sísítà. Ara rẹ̀ ti gbóná láti àná."

"Ó na gbọnrangandan, Sísítà," ni Akpevwe gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ojú rẹ̀ lọ sókè, funfun nìkan la rí. I fear well well."

Folúkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó fà á símú. Ísáàlì ló gbọ́, omi funfun tí wọ́n fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́, tí àwọn ìyá mìíràn máa ń kán sínú omi ìwẹ̀ ọmọ. Ó gbóòórùn kanfọ̀ àti páúdà pẹ̀lú. Kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Ó nà ró.

"Kí ni o fún un mu?"

"Omi ni, Sísítà."

"Omi nìkan?"

Yínúsà ló dáhùn. "Sísítà, ẹ fọkàn balẹ̀. Nínú ilé tèmi kẹ̀? Mo ti sọ fún un níwájú gbogbo ará ilé pé ọjọ́ tí mo bá rí ìgò àgbo gìrì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ọjọ́ náà ló ń padà sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ sí ìyàwó ará Sapele yẹn nígbà náà, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ ní wọ́ọ̀fù. Mo ní òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn."

Inú Folúkẹ́ dùn. "Irú ọkùnrin bíi tiyín la ń wá, Bàbá Sàídù."

Ilẹ̀ ni Sàfúrátù ń wò. Sàídù nìkan ló bí, ó sì pẹ́ kó tó bí i. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ gún un lára fún ọdún púpọ̀ kí ọmọ náà tó dé. Bí ó bá padà sí Ẹ̀pẹ́, kì í ṣe òun àti ọmọ ni yóò jọ padà. Ọmọ kì í tẹ̀ lé ìyá tí ọkọ kọ̀.

Gìrì tún dé. Eyín Sàídù pàdé, ọwọ́ rẹ̀ ká kò mọ́ àyà, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Àṣẹ tó wà nílẹ̀ ni pé bí dókítà kò bá sí nítòsí, kí Sísítà gún un ní abẹ́rẹ́ tí ń dá gìrì dúró, èyí tí òórùn rẹ̀ máa ń lé àlejò kúrò ní yàrá. Folúkẹ́ fa oògùn náà sínú sìríǹjì, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó wo Sàfúrátù.

"Mo tún bi ọ́ o. Bí nǹkan mìíràn bá wà nínú ọmọ yìí, abẹ́rẹ́ yìí àti nǹkan náà kì í rẹ́. Yóò pa èémí rẹ̀. Kí ni o fún un?"

Sàfúrátù la ẹnu. Yínúsà yí ojú sí i, kò fi ìbínú wò ó rárá, ojú ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń wú lórí ni ó fi wò ó. Sàfúrátù pa ẹnu dé.

"Omi ni, Sísítà."

Folúkẹ́ gún un.

Gìrì náà rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ọmọ tú, eyín rẹ̀ tú. Yínúsà ní, "Alhamdulillahi." Akpevwe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi etí ìró nu ojú. Folúkẹ́ ń fọ sìríǹjì lọ́wọ́ nígbà tí Pà Dickson, tó di ẹsẹ̀ ọmọ mú, pè é pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

"Sísítà. Wá wo àyà rẹ̀."

Àyà Sàídù gbéra, ó wálẹ̀. Ó dúró. Ó dúró títí ẹni tó ń wò ó fi rò pé ó ti tán. Lẹ́yìn náà ló tún gbéra bí ẹni tí wọ́n bẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ń dú.

Folúkẹ́ dé ibẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun rìn. Ó yí orí ọmọ sẹ́yìn, ó fa itọ́ ọ̀fun rẹ̀, ó gbé ìbomú rọ́bà lé e lójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àpò atẹ́gùn. Tẹ̀ ẹ́, kí àyà dìde. Jọ̀wọ́ rẹ̀, kó wálẹ̀. Ọwọ́ kejì rẹ̀ wà lórí awọ ọmọ náà. Ó tutù. Òógùn bò ó nínú ọyẹ́. Ibà kì í mú ọmọ kó tutù báyìí. Folúkẹ́ ń wo ọmọ náà, nígbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i dáadáa. Irun rẹ̀ ṣì rin fún omi. Páúdà wà nínú ìṣẹ́po ọrùn rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ kùn ún, ó dọ́gba. Aṣọ ọrùn rẹ̀ mọ́ bí aṣọ ìkómọ.

Ta ní máa ń gbé ọmọ tí gìrì ń mú lọ́wọ́ wẹ̀ kó tó gbé e wá sílé ìwòsàn?

Ó gbójú sókè. Sàfúrátù kò wo ọmọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

"Bàbá Sàídù," ni Folúkẹ́ wí, "ẹ sáré lọ sí ilé yìnyín àwọn ẹlẹ́ja, ẹ bá mi gbé yìnyín wá."

"Yìnyín? Ara rẹ̀ mà tutù, Sísítà."

"Ẹ ń bá mi jiyàn, èémí ọmọ yín ń lọ! Ẹ máa sáré!"

Ọkùnrin náà sáré. Folúkẹ́ fi àpò atẹ́gùn lé Pà Dickson lọ́wọ́, ó ní kó má dúró. Lẹ́yìn náà ni obìnrin tí kì í bẹ dókítà pàápàá kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níwájú Sàfúrátù, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ìyá Sàídù, mo bẹ̀ yín. Ẹ sọ fún mi."

Sàfúrátù fẹ́ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. "Ẹ ó pariwo."

"N kò ní pariwo."

"Ẹ ó sọ fún un. Bí ẹ kò sọ lónìí, ẹ ó sọ lọ́la. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fún Ejiro."

Folúkẹ́ tún di ẹsẹ̀ náà mú le. "Ìyá mi wà nínú sàréè. Mo fi búra. Ọkọ yín kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi láé."

"Sàfú!" Akpevwe ti dìde. "Ọmọ ń kú lọ, o ń gba ìbúra! Talk, now! Bí o kò bá sọ, èmi yóò sọ. Àgbo ni, Sísítà. Èmi ni mo di imú rẹ̀ mú kó lè gbé e mì."

"Ife kékeré ni," ni Sàfúrátù wí, ẹkún sì já. "Ó pọ̀ ọ́, mo tún fún un. Ẹ̀rù ló bà mí. Òun nìkan ni mo ní."

Folúkẹ́ ti fò dìde, ó ti ń fọ́ ìgò glúkóòsì, omi ṣúgà tí wọ́n ń gún sí iṣan. "Kí ló dé tí n kò gbóòórùn rẹ̀?"

Ẹ̀rín tí kì í ṣe ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Akpevwe. "Ìwọ náà! Ṣé o rò pé a ti jáwọ́ ni? Láti ọjọ́ Ejiro, kò sí ìyá ní ilé wa tó máa gbé ọmọ wá síbí láìfi Ísáàlì wẹ̀ ẹ́. A ó fọ ẹnu rẹ̀, a ó fi kanfọ̀ pa á létè, a ó kùn ún ní páúdà. Ìyàwó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, a ó kọ́ ọ. Nwakaego ṣe é. Ìyá Linus ṣe é."

Ọwọ́ Folúkẹ́ kò dúró, ṣùgbọ́n nǹkan kan dúró nínú rẹ̀. Ó rántí ọmọ Nwakaego. Ó rántí Linus, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Orí bẹ́ẹ̀dì yìí ni wọ́n ti kú, àwọn méjèèjì. Wọ́n mọ́, òórùn wọn dára, ìyá wọn ní omi ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gún wọn ní abẹ́rẹ́ yìí kan náà.

Òfin ilé ìwòsàn náà ni pé dókítà nìkan ló ń gún iṣan ọmọdé. Iṣan Sàídù ti sá. Folúkẹ́ wá a ní ìgbọ̀nwọ́, kò rí i. Ó wá a lẹ́yìn ọwọ́, ó bẹ́. Ó so rọ́bà mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó fi ìka nù ún títí ó fi rí ìlà aró tín-ín-rín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, ó dá èémí tirẹ̀ dúró, ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ yọ díẹ̀ padà sínú sìríǹjì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti glúkóòsì náà wọlé ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń da epo sínú fìtílà tó fẹ́ kú.

Pà Dickson ń tẹ àpò náà, ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. "Pickin, no disgrace me," ló ń wí. "Mo ti dàgbà jù fún irú èyí."

Nígbà tó yá, Sàídù fa èémí kan tí kì í ṣe ti Pà Dickson. Ó tún fa òmíràn. Ó kùn bí ọmọ ológbò.

Yínúsà dé pẹ̀lú yìnyín nínú àpò ọ̀gbọ̀, omi ń kán lẹ́yìn rẹ̀ láti ojú títì wọlé. Ó gbé e fún Folúkẹ́ bí ẹni gbé ẹbọ kalẹ̀. Folúkẹ́ dúpẹ́, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó ń yọ́ lọ síbẹ̀, títí omi rẹ̀ fi dé ẹsẹ̀ Sàfúrátù.

Nígbà tí Dókítà Azubuike jáde, Folúkẹ́ fà á sí kọ̀rọ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi pamọ́. Dókítà wo ọmọ náà, ó wo ẹsẹ̀ tí abẹ́rẹ́ wà, ó ní, "O gbà á là."

Ó gbà á là. Ẹnìkan kò lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sàídù wá la ojú, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ kò dáhùn mọ́. Ọwọ́ náà wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀, bí nǹkan ẹlòmíràn tí wọ́n gbé kọ́ ọ lára. Ọmọ tó ti ń pe ìyá àti bàbá rẹ̀, tó máa ń ké sí Akpevwe ní "Apẹ́fẹ́" tí gbogbo ilé á sì rẹ́rìn-ín, kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń jẹun. Bí wọ́n bá pè é, yóò wo ibi tí ohùn ti wá, kò ní pẹ́ tí yóò gbójú kúrò.

Lójoojúmọ́ ni Folúkẹ́ ń wá síbi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ń na ọwọ́ náà, ó ń ká a, ó ń kọ́ Sàfúrátù bí yóò ṣe máa ṣe é nílé. Àwọn obìnrin méjèèjì kì í sọ ju èyí lọ. Lọ́jọ́ kan ni Sàfúrátù bi í, láìgbójú sókè, pé, "Ká ní mo sọ nígbà àkọ́kọ́ ńkọ́, Sísítà?" Folúkẹ́ ní, "Ká ní ẹnu mi kò rí báyìí, ẹ̀yin náà ì bá ti sọ." Kò tu ẹnikẹ́ni nínú.

Ọjọ́ tí wọ́n ń dá wọn sílẹ̀, Yínúsà wọ bùbá tó mọ́. Ó dúró níwájú tábìlì Folúkẹ́, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sísítà, ẹ má bínú, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ọmọ yìí rìn jáde nílé lọ́jọ́ tó ṣáájú àìsàn yẹn. Gìrì ti mú ọmọ àwọn ẹlòmíràn, ó lọ, ọmọ sì ń sáré kiri. Kí ló ṣe tèmi?"

Sàfúrátù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pọn ọmọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìdè ọ̀já. Dókítà Azubuike, tó ń wẹ ọwọ́ nídìí ọpọ́n, gbójú sókè.

Folúkẹ́ mọ ohun tí òtítọ́ jẹ́. Ó ti ń sọ ọ́ síta láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ó ń fi na àwọn obìnrin bí ẹgba. Ó mọ ohun tí ìdáhùn kejì, pé abẹ́rẹ́ ni, yóò ṣe pẹ̀lú. Ní Ajégúnlẹ̀, wọ́n á ní abẹ́rẹ́ Àpápá ń rọ ọmọ lápá. Ìyá kan yóò gbọ́ ọ, gìrì yóò mú ọmọ rẹ̀, yóò jókòó sílé pẹ̀lú ìgò rẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ tí mo gún un," ló wí, "òun ló dá èémí rẹ̀ dúró. Kí èémí náà tó padà, ọpọlọ rẹ̀ ti fara gbá a. Èmi ni mo gún un, Bàbá Sàídù."

Yínúsà yí fìlà náà po lọ́wọ́. "Mo máa ń fi yín ṣe àpẹẹrẹ ní wọ́ọ̀fù," ló wí. "Mo máa ń ní, ẹ wo Sísítà yẹn." Ó dé fìlà rẹ̀. "Ọlọ́run ni yóò bi yín."

Ó jáde.

Dókítà nu ọwọ́ rẹ̀. "Kí lo ṣe yẹn, Folúkẹ́? Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Boundary ní Ajégúnlẹ̀ á ti gbọ́. Àwọn tó kù ńkọ́? Ta ni yóò tún gbé ọmọ wá síbí?"

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì sọ ọ́."

"Kí ni kí n ṣe, Dókítà? Kí n lé ọmọ arọ kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀?"

Dókítà gbé aṣọ ìnuwọ́ kọ́.

Folúkẹ́ rìn dé ojú fèrèsé. Yínúsà ti síwájú, ó ń fi ìbínú rìn, ó ti ń gba àárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó tò lójú Creek Road kọjá. Sàfúrátù ń tẹ̀ lé e. Kò bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ ọ̀tún Sàídù ti yọ jáde nínú ọ̀já, ó ń fì bí ìyá rẹ̀ ti ń rìn. Nígbà tí Sàfúrátù kan ojú títì, ó dúró, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó wá ọwọ́ náà títí ó fi tẹ̀ ẹ́, ó rọra dá a padà sábẹ́ aṣọ, ó tún ọ̀já fà le. Lẹ́yìn náà ló sọdá.